Kámẹ́rà Tí Kò Dijú

Mi ò ní búra fún yín, nítorí ẹni tó ń búra jù ló ń parọ́ jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ. Díẹ̀ ṣojú mi, ìyókù ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tí kò mọ irọ́ í pa, kódà nígbà tí irọ́ ì bá ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, mo ní ẹ̀rí kan lára mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná.

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin náà. Kàṣá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kámẹ́rà ló bí orúkọ ọ̀hún. Kámẹ́rà àtijọ́, àwọn tó ń lo fíìmù, ló máa ń kó jọ, tí pẹpẹ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi kún dẹ́nu. Lọ́sàn-án, bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, á gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù wọ́n. Á fà wọ́n, á tẹ bọ́tìnì wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí fíìmù nínú wọn. Ó ní sípíríǹgì tí a kò bá lò máa ń gan ni. Kà-ṣá. Kà-ṣá. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á gbọ́ ọ, á sì mọ̀ pé kò sí èrò ní ṣọ́ọ̀bù, òun lè yà gé irun.

Kì í ya fọ́tò. Ẹ gbọ́ mi yé o. Ọkùnrin tó ní kámẹ́rà tó báyìí, kì í ya fọ́tò! Ẹwà wọn ló ń jẹ. Á gbé ọ̀kan lé ọ lọ́wọ́, á ní, "Wo ibi tí wọ́n gé wọlé fún àtàǹpàkò yẹn. Ẹni tó ṣe é ti ronú nípa àtàǹpàkò rẹ kí wọ́n tó bí ẹ." Á fi igun kan hàn ọ́ níbi tí ọ̀dà dúdú ti ṣí, tí idẹ yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ gan-an ló dára jù lára rẹ̀, torí pé ọwọ́ ènìyàn ló pa á bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò gbà. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ni màmá máa ń jókòó, lórí àga kan ní ẹ̀bá ògiri, ó kọjú sí pẹpẹ kámẹ́rà. Ó ní òun ò lè dá jókòó sínú yàrá bí ẹrù. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí oníbàárà bá lórí pẹlẹbẹ, á sọ fún un.

"Kámẹ́rà kún ilé bí eṣú," á ní, "fọ́tò ìyá rẹ ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí."

"Màámi, wọn kì í ṣe fún fọ́tò."

"Fún kí ni?"

"Fún wíwò."

"Kámẹ́rà la wá ń wò báyìí! Ayé mà ti dorí kodò o."

A ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọkàn màmá ti ń rẹ̀. Ọkàn tó wà láyà ni mò ń wí. Dókítà ti pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n Kàṣá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ ọjọ́. Ó kàn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ní kí wọ́n máa múra. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni Kàṣá ń bẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kó má tíì mú ìyá òun lọ. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé gbogbo wa la máa lọ. Kó ṣáà má tíì jẹ́ báyìí.

Àsìkò náà ni opó kan ránṣẹ́ pè é. Ayàwòrán ni ọkọ obìnrin náà nígbà ayé rẹ̀. Ó ti kó gbogbo ẹrù ọkọ náà dànù, ó ku ẹyọ kan. Kámẹ́rà kan wà lórí àpótí nínú yàrá tí òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù kò tíì kúrò níbẹ̀. Ògiri ló kọjú sí.

Kàṣá gbé e. Ó wúwo dáadáa. Ó rí bí ìwé tí a pa dé, awọ dúdú ni wọ́n fi bò ó. Ó tẹ bọ́tìnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú kámẹ́rà náà rọra yọ jáde lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń dán, awọ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ká jọ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po sì nà tẹ̀lé e láìdún rárá. Dígí rẹ̀ ní àwọ̀ bí epo tó kán sójú omi. Lẹ́yìn rẹ̀, fèrèsé pupa kékeré kan wà, nọ́ńbà kẹjọ sì hàn nínú rẹ̀. Fíìmù wà nínú rẹ̀, irú èyí tí kì í ju fọ́tò mẹ́jọ lọ, ó ti dé orí fọ́tò ìkẹyìn. Kàṣá gbé e sún mọ́ ojú. Ó sọ fún mi pé òun ò rí ohun tó dára tó yẹn rí tí ọwọ́ ènìyàn ṣe.

"Ẹ gbé e lọ," opó náà wí. "Mi ò tà á. Ẹ ṣáà gbé e lọ."

"Ẹ ṣé gan-an ni, mà."

"Ẹ má fi kọjú sí ènìyàn."

Kàṣá rẹ́rìn-ín. "Kí la wá ń fi kámẹ́rà kọjú sí, mà?"

Opó náà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó délé, màmá rí i. Inú rẹ̀ dùn, àní òun tó máa ń bú wọn. "Eléyìí rẹwà," ó wí. "Gbé e síbi tí màá ti máa rí i." Kàṣá rántí ọ̀rọ̀ opó náà. Ó rántí rẹ̀ dáadáa, kò purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n nǹkan wo ni ìyá rẹ̀ ṣì ń bẹ̀ ẹ́ ní ayé yìí tó lè kọ̀ fún un? Ó gbé e sí àárín pẹpẹ, ó ṣí i, ó fi kọjú sí àga màmá.

Ọjọ́ kan dé tí ara màmá kò gbà á mọ́. Láti òwúrọ̀ ló ti ń fa èémí bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n ní kó lọ dùbúlẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní àga òun ni òun fẹ́. Ẹ̀gbọ́n Kàṣá wá, ó gbá ọwọ́ màmá mú, ó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ó fa àbúrò rẹ̀ jáde síta.

"Ó lè má di ọ̀la," ó wí.

Kàṣá padà wọlé. Kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ ló lọ síbi pẹpẹ. Kà-ṣá. Kà-ṣá. Ó ń gbé wọn, ó ń nù wọ́n, kò rí wọn. Ìgbà tó kan èyí tó wà láàárín, ó gbójú sókè, ó rí i pé màmá ń wo òun. Ó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Ó sọ ohun tí gbogbo ayàwòrán máa ń sọ, tí gbogbo onígbàjámọ̀ náà sì máa ń sọ.

"Màámi, ẹ má mira o."

Màmá tún ìjókòó ṣe dáadáa. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó fún ètè pọ̀ bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Kàṣá tẹ bọ́tìnì.

Kà.

Ó dúró de ìyókù. Ìyókù kò wá. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Fáànù ń yí lókè, kò dún. Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, ó rí i tó kọjá, kò gbọ́ ọ. Èémí màmá tó ti ń dún láti òwúrọ̀ náà kò dún mọ́. Kàṣá sáré wo ojú màmá. Ojú náà là sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Ṣé o ti yà á?" màmá bi í.

Lójú kan náà, oníbàárà kan wọlé tòun ti ariwo. Èmi ni. Mo wá gé irun. Kàṣá rò pé sípíríǹgì ló gan. Ẹni tó ń kó kámẹ́rà jọ kì í fipá tẹ ohun tó bá gan. Ó máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi, kó lè fara balẹ̀ tú u. Ó fi í sílẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú, màmá kò kú. Ilẹ̀ mọ́, kò kú. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá. Èémí rẹ̀ ń lọ geerege. A dúpẹ́ títí. Àwọn kan ní àdúrà ni, àwọn kan ní oògùn ni. Kàṣá ń kọrin nídìí kílípà. Ayọ̀ pọ̀ débi pé kò rántí kámẹ́rà tó gan.

Orí ló tú àṣírí. Kàṣá ló máa ń gé irun ìyá rẹ̀, ó máa ń gé e mọ́lẹ̀ bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀, á wá wé sìkáàfù lé e. Nígbà tí àkókò tó, ó ta aṣọ funfun sí i lọ́rùn, ó tan kílípà, ó fi gba àárín orí. Ó tún gbà á. Ó wo èjìká aṣọ funfun náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbọn ọ́n. Irun ẹyọ kan ṣoṣo kò já bọ́.

"Ṣé o ti gé e tán?" màmá bi í.

"Ó ku díẹ̀, Màámi."

Ó tẹ̀ wo ìpàkọ́ rẹ̀. Nígbà tó gé e kẹ́yìn, kílípà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ha ibì kan díẹ̀. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀, ó pupa bí èyí tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Kàṣá pa kílípà.

Ó gbé ojú lé ògiri. Ọjọ́ ti lọ, oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ló ti ń wọlé báyìí. Òjìji àga ti yí padà bó ṣe yẹ. Òjìji òun fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ti màmá nìkan ni kò yí. Ó wà ní apá ọ̀tún lára ògiri, pẹ̀lú àgbọ̀n tó gbé sókè, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní ọ̀sán ọjọ́ tí Kàṣá ní kó má mira. Màmá yí orí láti wo títì. Òjìji náà kò yí orí.

Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rù kọ́ ló pọ̀ jù. Ó ní ó ṣe òun bíi kí òun bọ́ bàtà. Ó ní òun mọ̀ pé òun dúró níwájú ohun kan tó tóbi ju òun lọ, ohun náà sì rọra ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ wo apá ibi tí òun wà.

Ó lọ síbi pẹpẹ. Ó wo inú dígí kámẹ́rà náà. Àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà nínú dígí kámẹ́rà tó máa ń ṣí, tó sì máa ń padé bí ìpéǹpéjú. Ti eléyìí ṣí sílẹ̀. Ó wo òrùka tí wọ́n fi ń yan bí ojú náà ṣe máa yára tó. Orí lẹ́tà T ló wà. Àwọn àgbà ayàwòrán máa ń lò ó nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí fọ́tò bá nílò àkókò gígùn. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú á là. Kò ní dijú títí wàá fi tún un tẹ̀.

Kò bàjẹ́. Kò tíì parí ni.

Ó mọ̀ pé fíìmù tó bá lajú sí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ tó yẹn ti jóná, kò lè sí fọ́tò kankan nínú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọgbọ́n kámẹ́rà tó ní ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Síbẹ̀ ìka rẹ̀ kò sún mọ́ bọ́tìnì náà. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba ilé opó lọ.

Opó náà wo ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ti fi kọjú sí ènìyàn," ó wí.

"Ìyá mi ni, mà."

"Háà."

"Kí ló ṣe ọkọ yín, mà?"

Obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ó ń ṣàìsàn. Ó jókòó síwájú kámẹ́rà yẹn. Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò hù." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà gbẹ. "Mò ń nu eruku lọ́jọ́ kan. Aṣọ ìnuǹkan kan bọ́tìnì rẹ̀."

"Ṣé ó jẹ ìrora, mà?"

"Ó wò mí. Ó ní, 'O ṣé.'"

Kàṣá kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó máa tẹ bọ́tìnì náà láyé yìí. Ó wá dígí, ó fi ṣe àpótí, ó fi bo kámẹ́rà náà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àfi òun. Kò gbé àwọn yòókù sọ̀kalẹ̀ mọ́. A kò gbọ́ kà-ṣá lójú títì mọ́, a sì ń bi ara wa pé kí ló dé. Ìyá rẹ̀ wà láàyè. Ṣé ẹ̀yin, ẹ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọmọdé. "Àbúrò mi," ó wí, "bí wọ́n jókòó, bí wọ́n dìde, bí wọ́n bínú, bákan náà ni ọkàn wọn ń lù. Èékánná wọn kò gùn. Ara tó ń yá máa ń rìn. Ara tí kò yá náà máa ń rìn. Tiwọn dúró."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́."

"Mò ń dúpẹ́. Ẹ̀rù ló sì ń bà mí."

Màmá kò bú oníbàárà mọ́. Bí ẹni tí orí rẹ̀ rí pẹlẹbẹ jù lọ ládùúgbò wọlé, á wò ó, kò ní sọ nǹkan kan. Kì í sùn. Á dijú, á tún là á.

"Ọrùn ń dùn mí," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Ẹ fẹ̀yìn tì, Màámi."

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Ó ṣì ń dùn mí." Ó wo pẹpẹ lọ́hùn-ún. "Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ní kí n má mira, ó wá gbàgbé mi síbẹ̀."

Kílípà bọ́ lọ́wọ́ Kàṣá. Oníbàárà tó wà lórí àga ìgerun fò dìde. Kàṣá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Èmi ni, Màámi. Mi ò mọ̀. Nígbà tí mo wá mọ̀, mi ò lè parí ẹ̀."

Màmá wò ó, ó tún wo kámẹ́rà. Kò béèrè àlàyé kankan. "Tí o bá parí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ó lọ." Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà kò gbóná, kò sì tutù. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́. "Kámẹ́rà kún ilé bí eṣú, fọ́tò ìyá rẹ ẹyọ kan, o ò lè yà á tán. Dìde, jàre. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣé sìkáàfù mi tọ́?"

Ó bá a tún un wé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kàṣá gbé àpótí dígí kúrò. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ ọn lẹ́nu ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì.

"Màámi," ó wí, "ẹ mira bó ṣe wù yín."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ṣá.

Òjìji ara ògiri gbéra. Ó rọra kúrò ní apá ọ̀tún, ó gba ẹ̀yìn màmá kọjá, ó dé apá òsì, bí ẹni tó yí padà lójú oorun. Màmá mí. Èémí náà gùn, ó gùn ju ohun tí àyà kan lè gbà. Ó yí ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Háà," ó wí. "O ṣé."

Sìkáàfù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó tú, ó já bọ́, irun sì tú jáde lábẹ́ rẹ̀, funfun báláú, ó dé etí, ó dé èjìká, ó ń bọ̀ wá sí itan. Gbogbo èyí tí kò hù láti ọjọ́ yìí, àti bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dún. Kàṣá tó ti ń gé orí yẹn láti ìgbà tó ti mọ iṣẹ́ kò mọ̀ pé irun ìyá òun rẹwà tó báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kúnlẹ̀.

Màmá fa díẹ̀ nínú irun náà, ó wò ó sókè sódò. "Ẹ wo ẹrù," ó wí. "Gé e fún mi, oorun ń kùn mí."

Kàṣá mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé apá ọ̀tún. Irun ń já bọ́ sórí aṣọ funfun títí ó fi di òkìtì. Kó tó gé apá ọ̀tún tán, màmá ti sùn. Ó mọ irú oorun tó jẹ́. Kò dáwọ́ dúró. Ó gé apá òsì náà, ó gé ìpàkọ́, ó tún un ṣe dáadáa. Kò fi orí ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní ìdajì rí.

A sin màmá. Kàṣá kò tíì yọ fíìmù náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Ó ní ohun tó parí ti parí. Kámẹ́rà náà ṣì wà lórí pẹpẹ, ó ti pa á dé, ó kọjú sí ògiri. Àwọn yòókù ti ń ké kà-ṣá lọ́sàn-án bíi tàtẹ̀yìnwá.

Àga màmá náà ṣì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń jókòó sí i. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọlé, òjìji kan máa ń wà lára ògiri lókè àga yẹn, òjìji orí tó wé sìkáàfù. Láàárọ̀, á wà lápá kan. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ti rìn dé apá kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí òjìji gbogbo ènìyàn ṣe ń rìn. Nígbà mìíràn, tí ẹni tó lórí pẹlẹbẹ bá wọlé, èjìká òjìji náà á máa mì tẹ̀ríntẹ̀rín.

Kàṣá kò sọ fún oníbàárà kankan pé kó má mira mọ́. Á ní, "Tó bá wù yín, ẹ mira." Àwa náà á mira. Kò sí bí ènìyàn ṣe máa jókòó síbẹ̀ tí kò ní yí orí wo ògiri yẹn, kílípà á sì yọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò wa fi ní àpá kékeré kan ní ìpàkọ́. Tèmi nìyí. Ẹ sún mọ́ bí, kí ẹ wò ó.